Páànù Tó Dára Ni Ọ̀gá Mi Gbé Sórí

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Bí a bá fi Yorùbá bá yín sọ̀rọ̀, Hausa ni ẹ fi ń dáhùn. Bí a bá ní kí ẹ jókòó, ẹ ó ní ẹ ń bọ̀, a kì í sì í rí yín mọ́. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé àwa ọmọ Ìlọrin tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín ṣe káfíńtà, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ló dára ni àbí iṣẹ́ ìjọba?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi korò. Mo ti ṣe méjèèjì. Mo ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ ìjọba, mo sì fi ojú mi rí ohun tí ìjọba ṣe fún ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí, kí ẹ fúnra yín wá mú èyí tó bá wù yín.

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé mi dé Kàdúná, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń pàṣẹ ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Tudun Wada ni mo wá bá. Ó fẹ́ kí n di àáfà. Èmi àti wàláà kò rẹ́ rárá. Bí mo bá ti jókòó tì í, oorun ni. Nígbà tó sú u, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa, káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Ràímì. Ó ní, "Ràímì, gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi. Orí rẹ̀ kò gba kéwú, bóyá ọwọ́ rẹ̀ á gba òòlù." Ràímì gbá ọwọ́ mi mú, ó yí i sókè, ó yí i sódò, bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ó ní, "Ọwọ́ kì í ṣe wàhálà. Ojú la máa kọ́." Láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò pè é ní nǹkan mìíràn ju Ọ̀gá lọ.

Ọ̀gá le. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín le lóde òní, ẹ kò tí ì rí nǹkan kan. Odidi ọdún kan ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ayùn. Ìgbálẹ̀ ni ayùn mi. Bó bá ń fá igi, mo gbọ́dọ̀ ti kó èérún rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ìṣó tó bá wọ́, mo gbọ́dọ̀ gbé e lé orí òkúta, kí n máa fi òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́ títí tí yóò fi tọ́. Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Ó ní onílé kì í bá pàǹtí níbi iṣẹ́. "Bó o bá gé igi jẹ, ìyẹn wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run. Ojú onílé ò gbọ́dọ̀ rí i." Bí a bá sì ń to pákó tàbí páànù jọ, èyí tó dára jù lọ ni a gbọ́dọ̀ gbé sórí, kó lè jẹ́ pé ẹwà ni ojú àlejò á kọ́kọ́ bá pàdé.

Ọjọ́ kan wà tí a ń kan páànù sórí ilé oníṣòwò obì kan ní ọ̀nà Barakallahu, nígbà tó jẹ́ pé oko ló pọ̀ jù lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá mọ páànù mọ̀ pé ó ní gegele, ó ní kòtò. Orí gegele ni a ń kan ìṣó sí, torí inú kòtò ni omi òjò ń gbà ṣàn. Oòrùn mú mi lọ́jọ́ náà, ojú mi ṣú, mo kan ìṣó kan sínú kòtò. Ọ̀gá gun òkè wá, ó rí i. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n wọ inú yàrá, kí n dúró sábẹ́ ibi tí mo kàn yẹn. Mo dúró. Ó da omi igbá kan sórí páànù, omi náà sì ń kán tó-tó-tó sí àtàrí mi.

Ó ké láti òkè pé, "Ṣé ó dùn?"

Mo ní, "Kò dùn, Ọ̀gá."

Ó ní, "Ibi tó o dúró sí yẹn ni ọmọ onílé máa tẹ́ ẹní rẹ̀ sí."

Ìgbà tó yá, ó tú gbogbo páànù ìlà náà, ó sì ní kí n tún un kàn látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Mo kórìíra rẹ̀ dáadáa. Bí kì í bá ṣe ti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sáratù, tó máa ń bu oúnjẹ pamọ́ dè mí, ǹ bá ti sá padà sí Ìlọrin. Ẹnu obìnrin yẹn mú ju ayùn ọkọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò háwọ́ rí. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Múfútáù, fara dà á. Kì í ṣe ilé ẹlòmíràn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ilé tiwa gan-an, ó ti tú u tó ìgbà mẹ́ta."

Nígbà tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀, n kò lọ jìnnà. Ìjọba ń wá káfíńtà torí ilé tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn káàkiri ìlú. Wọ́n gba Ọ̀gá gẹ́gẹ́ bíi hẹ́dímáànù, olórí àwọn káfíńtà, ó sì fà mí wọlé tẹ̀lé ara rẹ̀. Owó oṣù náà kò pọ̀, kò sì burú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i bí irinṣẹ́ ṣe ń yí padà. Nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ayùn ńlá tí ènìyàn méjì ń fà la fi ń la gẹdú, ẹnì kan lórí igi, ẹnì kan nínú kòtò, tí èérún á bò ọ́ lójú bó o bá jẹ́ ẹni ìsàlẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlagi dé, tó ń pariwo tó fi jẹ́ pé a kì í gbọ́ ìpè àdúrà. Téèpù onírin dé, a sọ okùn ìwọ̀n nù. Ìṣó tuntun ń wọlé ní àpótí-àpótí, àwọn ọ̀dọ́ kò sì tọ́ ìṣó tó wọ́ mọ́. Ọ̀gá rìn yí ẹ̀rọ náà ká lọ́jọ́ tó dé, ó mi orí, ó ní, "Ó mọ igi í là. Kò mọ igi." Ó lò ó ṣáá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù bá ń jẹun ọ̀sán, ẹ ó bá a nídìí òkúta, tó ń tọ́ ìṣó.

Ọ̀gá ti kọ́ ilé tirẹ̀ sí ìpẹ̀kun Tudun Wada, lọ́nà tó lọ sí odò. Ilé amọ̀ ni, bíi ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n páànù ló wà lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kàn án. Àwa ọmọ Ìlọrin mélòó kan kọ́ tiwa tì í, ògiri kan ògiri, àgbàlá wọ àgbàlá. Yàrá tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Òmìnira orílẹ̀-èdè ti dé nígbà yẹn, a ti jó, a ti yọ̀, a sì rò pé nǹkan ti dọwọ́ tiwa báyìí.

Àfi bí ìjì ṣe dé. Ẹ̀yin náà mọ ìjì tó máa ń ṣáájú òjò lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Ojú ọ̀run pọ́n, erùpẹ̀ bo gbogbo ìlú, a kò rí ara wa mọ́. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn wá. Igi máńgòrò tó ti wà níbẹ̀ kí á tó dé ìlú wó lulẹ̀ tòun ti gbòǹgbò. Páànù ń fò lókè, wọ́n ń han gooro. Òrùlé Ọ̀gá kò tilẹ̀ tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Odidi ló ṣí kúrò bí ìdérí ìkòkò, ó bà sínú oko ìrẹsì létí odò, ó fọ́ yángá. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀, kò sí ilé kan ṣoṣo tó ní òrùlé ní àgbègbè wa. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni kò kú lọ́dọ̀ wa.

Ẹ mọ ohun tí Ọ̀gá ń ṣe lówurọ̀ ọjọ́ kejì? Ó gbé ìtì igi kan tó ya lọ́wọ́, ó ń fi han gbogbo ẹni tó ń kọjá. "Ẹ wò ó, igi ló ya. Ìṣó mi ò tú!" Ìyá Sáratù wò ó títí, ó ní, "Bàbá Sáratù, ẹ kú oríire. Ṣé inú ìṣó la máa sùn?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bí ara wa ṣe wúwo tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé kò yàtọ̀ sí iyọ̀ tí wọ́n gbàgbé síta. Òjò gidi kò tí ì bẹ̀rẹ̀, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ kí òrùlé tó padà sórí ilé, ògiri á yọ́, ilé á di òkìtì. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ láyé wà nínú ògiri yẹn. Páànù la nílò, kíákíá.

Ìjọba kò sì dákẹ́. Ọkọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ń ká ìlú, ó ń kéde ní Hausa pé ìjọba á ran àwọn tí ìjì bá jà lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá wo ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tí wọ́n bá rí pé ó bàjẹ́, wọ́n á fi ẹfun sàmì sára ògiri rẹ̀, páànù àti sìmẹ́ǹtì á sì tẹ̀lé àmì náà. Inú Ọ̀gá dùn. Ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ọba ni wọ́n fi pa òwe yẹn, wọn kò fi káfíńtà pa á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dé àgbègbè wa, bí a ṣe kí ìrun àsùbáà tán ni Ọ̀gá pè mí. "Múfútáù, kó àwọn ènìyàn jọ. Àlejò ń bọ̀ nílé wa."

Ìyá Sáratù ti gbọ́. Ó jáde síta. "Bàbá Sáratù, ẹ fi òkìtì yìí sílẹ̀ bó ṣe wà. Nǹkan tó bàjẹ́ ni wọ́n láwọn ń bọ̀ wá wò. Bí ẹ bá palẹ̀ ẹ̀ mọ́, kí ni wọ́n máa wò?"

Ọ̀gá ní, "Kí wọ́n wá bá wa nínú pàǹtí? Èmi hẹ́dímáànù? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, Ìyá Sáratù. Bí wọ́n bá rí wa bí ènìyàn, wọ́n á ṣe wá bí ènìyàn."

"Ẹni tílé ẹ̀ wó ni wọ́n ń wá. Wọn ò wá ẹni tó mọ aṣọ ọ́ wọ̀."

"Mo ti gbọ́."

Ìyá Sáratù pòṣé. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ gbá a. Ẹ gbá a mọ́ dáadáa o."

Kí ẹ má sì ṣe dá Ọ̀gá nìkan lẹ́bi. Ta ni nínú wa tó lè gba àlejò nínú àgbàlá tí a kò gbá? Ìyá mi ní Ìlọrin, bí ẹnì kan bá ṣe sàlámù lẹ́nu ọ̀nà, yóò kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ dá pàǹtí sí kọ̀rọ̀ kó tó dá onítọ̀hún lóhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Gbogbo àgbègbè bọ́ sí i. A kó amọ̀ tó já dà sínú kòtò tó wà lẹ́yìn ilé. A ṣa igi, a tò wọ́n bí gígùn wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn. A lọ kó páànù tó fọ́ ká inú oko; Ọ̀gá fi òòlù igi tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ti ya bí aṣọ tí eku jẹ. A tò wọ́n jọ sẹ́nu ọ̀nà. Bó sì ti kọ́ wa, èyí tó dára jù lọ ló gbé sórí, tó ń dán. Ó tọ́ ìṣó, ó kó wọn sínú agolo. Àwọn obìnrin yá ẹní, wọ́n gbé wàrà àti obì sínú àwo. Àwa ọkùnrin wọ aṣọ Jímọ̀. Tí ẹ bá rí wa lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó rò pé ìsọmọlórúkọ là ń ṣe.

Ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá wò wá, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti kú, ọmọ rẹ̀ sì ń kí mi dáadáa títí dòní. Òun àti akọ̀wé méjì ni. Ó bọ́ bàtà kó tó tẹ ẹní wa, ó fi ọ̀wọ̀ kí wa.

"Sannunku. Yaya gida?" Ó kí wa, ó ń béèrè bí ilé ṣe wà.

Ọ̀gá tẹ ara rẹ̀ ba. "Alhamdulillahi! Lafiya lau, ranka ya daɗe." Ó ní àlàáfíà ni gbogbo wa wà, kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn.

Kí ni ẹ fẹ́ kó sọ? Mùsùlùmí kì í fi ẹkún dáhùn ìkíni. Ẹ ó kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, kí ẹ tó wá sọ ohun tó ń ṣe yín. Ṣùgbọ́n ká tó dé ibi tá a máa sọ ohun tó ń ṣe wá, ojú ọkùnrin náà ti lọ sára igi tá a tò. Ó dìde, ó rìn yí i ká. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lu páànù tó wà lókè, ó dún gbọ̀ọ́n. Ó wo agolo ìṣó.

"Wa ya yi wannan aikin?" Ó ń béèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ náà.

Ọ̀gá gbé àyà sókè pé òun ni. "Ni ne, ranka ya daɗe."

"Madalla! Madalla!" Ó ń yìn ín. Ó yíjú sí àwọn akọ̀wé rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé irú àwọn ènìyàn báyìí ló yẹ kí orílẹ̀-èdè tuntun ní, àwọn tí kì í káwọ́ gbera. Ó jẹ wàrà, ó tún jẹ òmíràn, ó yin ẹni tó sè é. Ó dìde. Akọ̀wé rẹ̀ ti ki ẹfun padà sínú àpò.

Mo sá tẹ̀ lé wọn dé ìdí ọkọ̀. Mo ní, "Don Allah, ranka ya daɗe, ba a sa mana alli ba." Mo ní wọn kò sàmì ẹfun sílé wa.

Ó yíjú padà, ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún un ní tòótọ́. Ó sọ ọ́ ní Hausa pé, "Ẹ̀yin? Páànù ń bẹ nílẹ̀ yín. Igi ń bẹ, ìṣó ń bẹ, káfíńtà sì ni yín. Àwọn tí mo bá lórí òkìtì tí wọ́n ń sunkún, ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí n wá fún yín? Sai haƙuri, ẹ ní sùúrù. Ẹ máa rí tiyín tó bá yá."

Mo ní, "Ranka ya daɗe, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ya. Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó wà lókè kúrò, kí ẹ wò ó." Mo yí padà láti lọ gbé e. Ọwọ́ Ọ̀gá bà lé mi léjìká, ó dì mí mú.

Ó fi Yorùbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí àlejò má baà gbọ́. "Múfútáù. Má tú ìdí wa síta lójú àlejò."

Ọkọ̀ lọ. Ìyá Sáratù ń kó àwo jọ. Ó ní, "Wọ́n jẹ wàrà. Àlejò yín yó."

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba náà ni wọ́n rán láti lọ kan páànù ìrànwọ́ náà sórí ilé àwọn tó gba àmì, Ọ̀gá ló sì ṣáájú wa. N kò bínú sí púpọ̀ nínú àwọn onílé yẹn. Opó wà níbẹ̀, arúgbó wà níbẹ̀, ìjì kò yọ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a dé ilé kan tí ọlọ́rọ̀ kan fi ń háyà, tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ ti wó láti ọdún tó kọjá. Koríko ti hù láàárín òkìtì rẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó gbálẹ̀ ibẹ̀ rí. Àmì ẹfun funfun báláú sì wà lára ògiri rẹ̀.

Ọ̀gá gun òkè, ó kan páànù náà. Gbogbo ìṣó rẹ̀ ló kàn sórí gegele, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sí kòtò. Láti orí òrùlé yẹn, a ń rí ilé tiwa lọ́ọ̀ọ́kán, ògiri níhòòhò. Ẹnu mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé díẹ̀ lára èyí lọ sílé. Ta ló máa mọ̀?"

Ó ní, "N ò kọ́ ẹ lólè."

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ọ̀gá tí kò jẹ́ kí n fi ìsàlẹ̀ páànù han àlejò, ó wá lọ ṣí fìlà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ, kó padà wá. Ó padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá àgbà rìnrìn àjò. Ó tún lọ, wọ́n ní páànù tó kù kò tó. Nílé, ó fi páànù tó ya bo ìdajì yàrá kan, ó fi ẹní bo orí ògiri yòókù, ó to òkúta lé e. Ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, lọ́sàn-án gangan. Atẹ́gùn ká ẹní kan kúrò lórí ògiri. Ọ̀gá gbé àkàbà, ó ní kí n di ìdí rẹ̀ mú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òjò dá. Ó ní ògiri kò lè dúró de òjò. Ó gòkè, ó na apá ọ̀tún kọjá sí ẹ̀yìn ògiri láti fa ẹní náà padà. Ògiri yẹn kò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn rọ̀, ó tẹ̀, ó gbé àkàbà àti Ọ̀gá lọ. Ọwọ́ la fi wa amọ̀ kúrò lára rẹ̀. Orí rẹ̀ kò fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kán. Apá ọ̀tún ló wà lábẹ́ ògiri. Ní ọsibítù, wọ́n to eegun náà, kò tò. Ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ kò lè pa dé mọ́ láti di òòlù mú.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn aládùúgbò kó ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì wá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Wọ́n bá Ìyá Sáratù lórí òkìtì náà, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tá a wa ọkọ rẹ̀ jáde.

Ó ní, "Ẹni tó bá gbá ibí yìí, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Àáfà bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó jẹ́ kí wọ́n tún ojú ilé ṣe, àwọn ènìyàn á máa wá kí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá a bẹ́ẹ̀. Ìgbálẹ̀ yín ti ṣe tó."

Ọ̀gá àgbà wá, nígbà tó gbọ́ pé hẹ́dímáànù ìjọba ni ògiri wó lù. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ẹní, kò sí wàrà. Ó dúró síwájú òkìtì náà, ó ní, "Subhanallahi." Ìyá Sáratù kò dìde, kò sì kí i. Ọkùnrin náà ní kí akọ̀wé rẹ̀ sàmì sí i. Akọ̀wé mú ẹfun jáde, ó ń wá ògiri tí yóò sàmì sí, kò rí. Níkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sàmì sára ilẹ̀kùn tó dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Páànù dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Páànù tuntun, tó ń dán, tó pọ̀ ju èyí tá a nílò lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó lórí kò ní fìlà. Ní tiwa, nígbà tí fìlà fi máa dé, orí ti lọ. Ògiri wo la máa gbé e lé? Wọ́n já a sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ gbàgà-gbàgà, díẹ̀ nínú wọn sì tẹ̀ létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. N kò ronú sí i. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Mo gbé àwọn tó tẹ̀ sísàlẹ̀, mo ń wá èyí tó dán jù láti fi parí rẹ̀.

Ọ̀gá jókòó sábẹ́ igi dógóyárò, wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ mọ́ àyà. Ó pè mí.

"Múfútáù."

"Ọ̀gá."

"Yọ èyí tó tẹ̀ yẹn kúrò nísàlẹ̀. Gbé e sórí."

Mo rò pé ìrora ló ń dà á láàmú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ pé èyí tó dára—"

"Mo ní kó o gbé èyí tó bàjẹ́ sórí."

Mo gbé e. Ojú rẹ̀ wà lára páànù náà, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mo ti bá ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi ni mo máa ń sunkún lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí omijé tirẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Ìjọba ní hẹ́dímáànù tí kò lè gbé òòlù kò wúlò fún àwọn mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére fún un, ọ̀gá kan na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó wá rántí, ó fa ọwọ́ padà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwa ará àdúgbò pawọ́ pọ̀ mọ yàrá méjì fún un, mo sì kan páànù náà sí i. Ṣùgbọ́n kò gbé ibẹ̀ pẹ́. Ní ọdún 1966, nígbà tí ìlú dàrú tí àyà gbogbo àlejò ń já, òun àti Ìyá Sáratù wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Ìlọrin, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ọdún yẹn náà ni mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, ní ìtòsí ibi tí gáréèjì Television wà lónìí, mo sì ń ṣe é títí orúnkún mi fi ní ó tó.

Ìwọ ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, iṣẹ́ ọwọ́ dára. Kọ́ ọ. Bí ìjọba bá gbà ọ́, ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, má sì jalè wọn. Ṣùgbọ́n má ṣe retí pé ẹni tó wá wo ilé rẹ yóò rí ohun tó o fi pamọ́ fún un. Inú ń bí mi síbẹ̀. Inú ń bí mi sí ọkùnrin tó jẹ wàrà wa tí kò wo ìsàlẹ̀ páànù. Inú ń bí mi sí Ọ̀gá náà, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, tó di èjìká mi mú.

Ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà báyìí. Wọ́n ń gbálẹ̀, torí ìgbálẹ̀ wà nínú iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo páànù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá, èyí tó ya lẹ fi ń polówó ọjà?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó dára, kó bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé tòkè kúrò.